Bánjò Tó Ń Jẹ́ Kí Gángan Sọ̀rọ̀: Ọ̀ràn Olórin Ìbílẹ̀ Kan n'Íbàdàn

Bánjò, ohun èlò orin olókùn tí wọ́n fi awọ bò lójú bí ìlù, mẹ́ta ló wà nílé Bọ̀ọ̀dá ní Òkè-Àdó. Èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń dójú tì wọ́n níwájú èrò, ohun tó sì gbé mi dé ọ̀dọ̀ wọn nìyẹn. Iṣẹ́ mi ni kí n máa tún ohun èlò orin olókùn ṣe, mo sì máa ń bá àwọn ẹgbẹ́ olórin bójú tó máíkì àti sípíkà níbi ìnáwó káàkiri ìlú. Mi ò ní dárúkọ wọn síbí. Bọ̀ọ̀dá ni gbogbo ẹgbẹ́ ń pè wọ́n, bẹ́ẹ̀ náà ni èmi yóò ṣe máa pè wọ́n. Wọ́n mọ̀ pé mò ń kọ ọ́, àwọn gan-an ló ní kí n kọ ọ́, nítorí pé ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ gbé bánjò padà sínú orin wa yóò pàdé ìṣòro kan náà, kò sì yẹ kó máa dá nìkan wá ojútùú rẹ̀.

Orin tí Bọ̀ọ̀dá ń kọ kì í ṣe jùjú, kì í sì í ṣe àpàlà. Oríkì ìdílé, orin inú àlọ́, orin ìrẹmọ́lẹ́kún, orin tí àwọn àgbẹ̀ ń kọ lóko, ìwọ̀nyí ni wọ́n ń kó jọ tí wọ́n ń fi bánjò gbè. Gángan kan, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kan, agogo, àti obìnrin méjì tó ń ṣe elégbè ló wà pẹ̀lú wọn. Bí ẹ bá bi wọ́n pé kí ló dé tí kì í ṣe gìtá, wọn yóò mú yín padà sí àwo orin tí bàbá wọn fi sílẹ̀. Ẹni tó bá ti gbọ́ àwọn àwo jùjú àkọ́kọ́ yóò rántí Tunde King, tí wọ́n bí l'Ékòó lọ́dún 1910. Gìtá-bánjò ló ń ta nínú àwọn àwo tó ṣe láàárín ẹ̀wádún 1930: okùn mẹ́fà, ọrùn gìtá, ara bánjò, pẹ̀lú ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti ìlù jùjú tí wọ́n ń fọwọ́ lù. Nígbà tó di ọdún 1949, Ayinde Bakare so gìtá rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè, jùjú sì gba ibẹ̀ lọ. Èrò tèmi ni pé kì í ṣe pé etí Yorùbá kọ bánjò. Gìtá rọrùn láti so mọ́ iná ju bánjò lọ, ìlù sì ń pọ̀ sí i nínú ẹgbẹ́, ẹni tí ohùn rẹ̀ kò bá ti lè borí ìlù yóò padà sẹ́yìn. Ìṣòro tó lé bánjò kúrò lórí ìtàgé nígbà náà ni Bọ̀ọ̀dá tún lọ pàdé.

Wọ́n tún máa ń sọ fún èrò, kí wọ́n tó ta okùn àkọ́kọ́, pé ilẹ̀ Áfíríkà ni gbòǹgbò bánjò wà. Òótọ́ ni. Àwọn Jola ní Senegal àti Gambia ṣì ń ta akonting títí di òní: igbá tí wọ́n fi awọ bò lójú, igi gígùn tó ṣe ọrùn, okùn mẹ́ta, tí ọ̀kan nínú wọn kúrú tí àtàǹpàkò ń ta. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí erékùṣù Caribbean àti Amẹ́ríkà ló gbé irú ìmọ̀ yìí dání lọ, ibẹ̀ ló sì ti di bánjò.

Àwọn bánjò náà

Àkọ́kọ́ ni olókùn márùn-ún tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Awọ ewúrẹ́ ló wà lójú rẹ̀, onílù kan lágbègbè Ọjà'ba ló bá Bọ̀ọ̀dá bò ó. Okùn karùn-ún rẹ̀ kúrú, àárín ọrùn ni wọ́n ti so ó, ohùn kan náà ló sì ń dún láti ìbẹ̀rẹ̀ orin dé òpin. Nínú yàrá, pẹ̀lú fèrèsé pípadé, ohùn bánjò yìí lè mú ẹ sunkún. Ó jinlẹ̀, kò han etí, ó sì máa ń dákẹ́ kíákíá lẹ́yìn tí wọ́n bá ta á. Òun ni àyànfẹ́.

Èkejì náà jẹ́ olókùn márùn-ún, àmọ́ wọ́n fi àwo igi ńlá dé ẹ̀yìn rẹ̀, òrùka irin tó wúwo wà lábẹ́ ojú rẹ̀, ojú náà sì jẹ́ awọ ọ̀rá, ìyẹn pílásítíìkì, kì í ṣe awọ ẹran. Irú rẹ̀ ni àwọn ará Amẹ́ríkà fi ń ta orin bluegrass, irú èyí tí Earl Scruggs fi ìka mẹ́ta ta tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n. Àbúrò Bọ̀ọ̀dá ló fi ránṣẹ́ láti òkè òkun. Ó tó nǹkan bíi kílógíráàmù márùn-ún, ẹni tó bá sì ti gbé e kọ́ ọrùn láti ìrọ̀lẹ́ títí di òru yóò mọ̀ ọ́n lára.

Ẹ̀kẹta ni gìtá-bánjò olókùn mẹ́fà, tí wọ́n ń fún bíi gìtá. Orin jùjú àtijọ́ méjì tàbí mẹ́ta ni wọ́n ń fi ta.

Ìnáwó oṣù Kẹfà

Ọjọ́ ìbí àádọ́rin ọdún bàbá kan ni, nínú gbọ̀ngàn kan ní Bódìjà. Wọ́n ṣe apá kan nínú ilé, wọ́n sì ṣe ìyókù lábẹ́ àtíbàbà níta nígbà tí òjò dá. Mo wà níbẹ̀ láti bójú tó ẹ̀rọ, nítorí náà ojú mi ló ṣe.

Nínú gbọ̀ngàn, ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ tààrà sórí ìtàgé. Atẹ́gùn rẹ̀ tutù, ó sì gbẹ. Kí orin kejì tó parí, awọ ewúrẹ́ ti gan, ohùn okùn ti gòkè ju bí wọ́n ṣe fún un lọ, okùn sì ti ga kúrò lára ọrùn débi pé Bọ̀ọ̀dá ń tẹ̀ ẹ́ tagbáratagbára. Wọ́n dá orin dúró, wọ́n tún un fún sílẹ̀. Ó dára báyẹn fún ìgbà díẹ̀.

Nígbà tí a jáde síta, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni, ilẹ̀ ń rú ooru, afẹ́fẹ́ sì tutù rinrin. Awọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀. Igi pẹlẹbẹ tó gbé okùn dúró lórí awọ rì wọlẹ̀, okùn sún mọ́ ọrùn, ó ń fara kan àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lórí ọrùn, ó ń dún zíí zíí. Ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àwọn elégbè sì ń tẹ̀lé e lọ sílẹ̀ láìmọ̀, nítorí pé bánjò ni wọ́n fi ń mú ohùn. Onígángan ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ó gbójú sókè wo Bọ̀ọ̀dá, ó tún wo èmi náà.

Bọ̀ọ̀dá gbé èkejì kọ́rùn, èyí tí wọ́n dé lẹ́yìn. Ohùn rẹ̀ dúró ṣinṣin, òjò kò rí i mú. Àmọ́ bí mo ṣe gbé máíkì rẹ̀ sókè báyìí ni sípíkà bẹ̀rẹ̀ sí í hu. Mo rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, wọn ò gbọ́ bánjò mọ́. Mo gbé e sókè, ó tún hu. Lórí rẹ̀, àwọn ẹbí bàbá ọlọ́jọ́ ìbí bẹ̀rẹ̀ sí í jáde wá náwó fún Bọ̀ọ̀dá. Ẹ mọ bí agbádá ṣe ń rí lákòókò yẹn. Ọ̀kan gbá òpó máíkì, ó yí i sọ́dọ̀ onígángan. Òmíràn dúró sáàárín máíkì àti bánjò, ó ń lẹ owó mọ́ Bọ̀ọ̀dá níwájú orí, kò sì mọ̀ pé òun ti di ohùn mọ́ ibẹ̀.

Èyí tó dùn mí jù kò ní ariwo nínú rẹ̀. Onígángan bẹ̀rẹ̀ sí í ki bàbá tí wọ́n ń ṣe ọjọ́ ìbí fún, oríkì ìdílé wọn láti orísun. Ká ní ó yé bàbá, wọn ì bá dìde. Ṣùgbọ́n bánjò náà ń dún wọnranwọnran lórí gbogbo rẹ̀, ìka mẹ́ta ń lọ láìsinmi, kò sí àyè tí ọ̀rọ̀ ìlù lè gbà kọjá. Mo rí bàbá tí wọ́n tẹ etí síwájú, wọ́n tún tẹ̀ ẹ́, wọ́n wá yíjú sí ọmọ wọn láti béèrè ohun tí ìlù ń sọ.

Nígbà tí a ń kó ẹrù sínú ọkọ̀, Bọ̀ọ̀dá ní, "Àbúrò, wọ́n pè mí láti fi orin yẹ́ bàbá sí, bàbá ò gbọ́ oríkì ara wọn. Wá sílé."

Àyẹ̀wò

A jókòó sí pálọ̀ wọn, onígángan náà wà níbẹ̀. Awọ ewúrẹ́ la kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Mo fún un dáadáa pẹ̀lú túnà orí fóònù, èyí tó ń fi hàn bóyá ohùn okùn ga jù tàbí ó lọ sílẹ̀ jù, mo fi sílẹ̀ níwájú fáànù, lẹ́yìn náà mo gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé níbi tí aṣọ tútù wà lórí okùn. Ìlọsókè-ìlọsílẹ̀ rẹ̀ hàn gbangba lójú túnà. Kò sí àṣírí níbẹ̀: ìlù olókùn ni bánjò. Lójú gìtá, pákó ló gbé okùn dúró; lójú bánjò, awọ ni. Bí awọ bá mu omi afẹ́fẹ́, ó dẹ̀, okùn márààrún á sọ ohùn nù lẹ́ẹ̀kan náà. N'Íbàdàn níbí, láti oṣù Kẹrin títí dé oṣù Kẹwàá, kò sí ìdánilójú pé afẹ́fẹ́ ọ̀sán ni a ó rí ní alẹ́.

Bọ̀ọ̀dá jiyàn. Wọ́n ní kí ló dé tí àwọn onílù ń yá ìlù níná láti ọjọ́ pípẹ́ tí ìlù wọn kò sì bàjẹ́. Onígángan ló dá wọn lóhùn, mi ò tilẹ̀ tíì lanu. "Bọ̀ọ̀dá, tèmi, bó bá dẹ̀, mo fún un mọ́ ìhà. Ṣé ẹ̀yin náà á máa fún tiyín mọ́ ìhà ni?" Bọ̀ọ̀dá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọlé. Iná lè mú awọ le, àmọ́ bó bá ti tutù padà, ohùn tún ṣí nípò nìyẹn, olórin kò sì lè máa fún okùn láàárín oríkì.

Lẹ́yìn náà la yẹ èkejì wò. Kò pẹ́ tí mo fi rí ìdí tí sípíkà fi ń hu. Ojú bánjò fẹ̀, ó nà le, ohun tó bá dún níwájú rẹ̀ á mì í. Ohùn tó jáde nínú sípíkà ń padà wá mì ín, máíkì ń gbé e, sípíkà tún ń gbé e sókè sí i, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa yípo títí yóò fi ké. Mo ní kí Bọ̀ọ̀dá fi àtẹ́lẹwọ́ kan ojú rẹ̀ fẹ́rẹ́, ó dákẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Ìdánwò tó yanjú ọ̀rọ̀ ni ti gángan. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, níbi tí àlejò máa ń wà, mo ní kí onígángan máa sọ gbólóhùn tí mi ò gbọ́ rí, kí n máa tún un sọ. Nígbà tí gángan nìkan ń dún, mo gbọ́ ọ. Nígbà tí Bọ̀ọ̀dá fi bánjò aláwọ tẹ̀lé e, mo gbọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi èkejì tẹ̀lé e, mi ò gbọ́ nǹkankan tó ní ìtumọ̀. Òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ ohùn ni gángan fi ń sọ Yorùbá, pẹ̀lú bó ṣe ń yọ́ láti ọ̀kan bọ́ sí èkejì. Ohùn irin tó ń pẹ́ kó tó dákẹ́ a máa bo ìyọ́ yẹn mọ́lẹ̀. Bánjò tó yẹ ẹgbẹ́ yìí ni èyí tó máa ń sọ tiẹ̀ kó sì panu mọ́. Bọ̀ọ̀dá ti fi etí mọ̀ ọ́n tipẹ́. Ìdí tí wọ́n fi fẹ́ràn aláwọ nìyẹn. Ohun tó kù ni ká rí ìwà aláwọ nínú ohun tí òjò kò ní lè bà jẹ́.

Ohun tí a ṣe

A yọ awọ ewúrẹ́ kúrò lójú bánjò àkọ́kọ́, tòun ti òrùka tí wọ́n fi bò ó, Bọ̀ọ̀dá sì fi pa mọ́. Mo fi awọ ọ̀rá rọ́pò rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ti ń fi bo ìlù òyìnbó láti òpin ẹ̀wádún 1950. Ó fẹ̀ tó íǹṣì 11, ojú rẹ̀ funfun, ó rí ṣákiṣàki lọ́wọ́, kò sì ń dán. Èyí tí ojú rẹ̀ ń dán gbinrin máa ń ní ohùn tó mú jù. Àwọn ìkọ́ irin tó yí i ká ni mo fi fà á, mo ń yí ọ̀kan níhìn-ín, mo ń lọ sí èyí tó kọjú sí i lọ́hùn-ún, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń de nọ́ọ̀tì táyà mọ́tò. Ẹni tó bá fa ẹ̀gbẹ́ kan tán kó tó lọ sí èkejì, yóò ya ojú rẹ̀ ni tàbí kó sọ ọ́ di olóhùn méjì. Mi ò fà á le tó bí àwọn tó ń ta bluegrass ṣe ń fà á.

Síbẹ̀ ó ṣì ń dún ju aláwọ lọ. Mo ní kí a ki aṣọ sí i lẹ́yìn, láàárín igi tó gba inú rẹ̀ kọjá àti ojú rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá ò kọ́kọ́ fẹ́. Wọ́n ní àwọn ò ra bánjò láti fún un lọ́rùn. Ìyàwó wọn ló mú àjákù aṣọ òfì kan wá, nípọn, ó wúwo níwọ̀nba. Mo ká a lẹ́ẹ̀mejì, mo ti i wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ọrùn ti pàdé ara. Nígbà tí mo tì í jù, okùn karùn-ún kú pátá, ohùn elégbè inú bánjò pòórá. Nígbà tí mo fà á padà díẹ̀, okùn karùn-ún jí, ìyókù sì ń dákẹ́ lásìkò. Onígángan tún ki gbólóhùn rẹ̀, mo sì tún un sọ láìfọ́ ọ̀rọ̀ kan. Bọ̀ọ̀dá ò sọ pé mo jàre, wọ́n kàn ní kí n fi òwú rán aṣọ náà kó má baà sún kúrò níbẹ̀.

A gbìyànjú okùn ọ̀rá náà. Ó dùn nínú ilé, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ sì gbé e mì lórí ìtàgé. Okùn irin tín-ín-rín la padà sí.

Orí ọ̀nà tí ohùn yóò gbà dé sípíkà la ti pẹ́ jù. Èmi fẹ́ ẹ̀rọ agbóhùn pẹlẹbẹ, tí kò fẹ̀ ju kọ́bọ̀ lọ, tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ abẹ́ ojú bánjò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ igi tó gbé okùn dúró. Agbádá ò lè gbá a, Bọ̀ọ̀dá á lè rìn lọ bá ẹni tó ń náwó, kò sì ní gbé ohùn ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wọlé. Bọ̀ọ̀dá ní ohùn rẹ̀ dà bí ìgbà tí wọ́n ń kan agolo, wọn ò sì parọ́. Máíkì ni wọ́n fẹ́. Nítorí náà méjèèjì la lò. Shure SM57, tó ti wà lórí ìtàgé ayé láti ọdún 1965, ni mo gbé síwájú, kò kọjú sí àárín gbùngbùn bánjò, ibi tí ọrùn ti wọ ara ló kọjú sí. Irú máíkì yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀, nítorí náà ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ni mo gbé sípíkà kékeré tí Bọ̀ọ̀dá fi ń gbọ́ ara wọn sí. Mo gé ohùn ìsàlẹ̀ kúrò lórí míkísà, mo wá ibi kan ṣoṣo tó fẹ́ máa hu, mo rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Nígbàkígbà tí èrò bá jáde wá náwó, mo rọra ń fa máíkì sílẹ̀, mo sì ń fi ti abẹ́ awọ nìkan gbé e lọ títí wọn yóò fi padà jókòó. Èrò kì í mọ̀ ọ́n. Bọ̀ọ̀dá máa ń mọ̀ ọ́n, wọ́n sì máa ń wò mí.

Ìṣòro kékeré kan tún wà nípa okùn karùn-ún. Ohùn G ló máa ń wà, bí àwọn elégbè bá sì fẹ́ kọ orin ní A, okùn yẹn á máa bá gbogbo ayé jà. Mo kan ìṣó kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ irin keje lórí ọrùn, kí wọ́n lè fi há okùn karùn-ún kó di A, kí wọ́n sì fi ìdè há ìyókù ní irin kejì. Ẹni tó bá ń ta olókùn márùn-ún pẹ̀lú elégbè obìnrin kò lè ṣe é kó má ní ìṣó yìí.

Mókọ́lá

Oṣù Kẹjọ ni wọ́n fi í ṣeré níwájú èrò, ní Cultural Centre, Mókọ́lá. Òjò rọ̀ ní ọ̀sán, ó dá, ó tún ṣú. Bọ̀ọ̀dá fún okùn wọn nígbà tí wọ́n dé, wọ́n tún fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n tó wọlé, kò sì sí ìgbà tí wọ́n dá orin dúró nítorí ohùn. Ibi tí mo ń dúró dè ni oríkì. Bí onígángan ṣe gbé e, Bọ̀ọ̀dá fi okùn karùn-ún nìkan tì í lẹ́yìn, wọ́n ń ta ìyókù níbi tí ìlù bá ti mí. Obìnrin àgbà kan lórí ìjókòó kẹta gbọ́ oríkì ilé wọn, ó sì dáhùn lóhùn rara láti ibi tó wà, kí ẹnikẹ́ni tó sọ ọ́ lẹ́nu.

Gìtá-bánjò kò ṣe dáadáa tó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà. Okùn rẹ̀ méjì tó nípọn jù ń rọ́ gìrìgìrì nínú sípíkà, mo sì ní láti gé ìsàlẹ̀ rẹ̀ débi pé ohùn rẹ̀ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Mo ti sọ fún Bọ̀ọ̀dá pé kí wọ́n máa fi ìka yẹra fún okùn méjèèjì náà bí wọ́n bá ń ta á pẹ̀lú sípíkà ńlá. Nínú àwọn àwo àtijọ́ tí wọ́n ń gbọ́, okùn tín-ín-rín ló ń gbé orin náà.

Bí nǹkan ṣe rí báyìí nìyí. Ẹlẹ́yìn ṣíṣí pẹ̀lú awọ ọ̀rá àti aṣọ òfì ni bánjò orí ìtàgé. Èyí tí wọ́n dé lẹ́yìn ti di ti ìdáná àti ìkómọ, níbi tí kò sí sípíkà tí èrò sì pọ̀. Níbẹ̀, ariwo rẹ̀ wúlò gan-an, onígángan á sì sún mọ́ ẹni tó ń kì. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ pe Bọ̀ọ̀dá síbi ìnáwó, ìwé tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ ní ohun mẹ́ta nínú nípa bánjò: kí ẹ̀rọ amúlétutù má kọjú sí ìtàgé, kí sípíkà ńlá wà níwájú olórin, kó má wà lẹ́yìn rẹ̀, kí wọ́n sì fún olùbójútó ẹ̀rọ láàyè láti dán gángan àti bánjò wò pọ̀ kí àlejò tó dé.

Ọ̀rọ̀ awọ ewúrẹ́ kò tíì tán láàárín wa. Bọ̀ọ̀dá ń fi í gba orin sílẹ̀ nílé, lórí bánjò mìíràn tí wọ́n ní kí káfíńtà kan bá wọn gbẹ́. Wọ́n fẹ́ kí n dá a padà sórí ti ìtàgé nígbà ọyẹ́, nítorí pé afẹ́fẹ́ á gbẹ bákan náà nílé àti níta. Èmi ní ọyẹ́ ìdájí àti oòrùn ọ̀sán kì í ṣe ọ̀kan náà, àti pé awọ tó bá gan jù lè ya láàárín orin. Onígángan ti bá Bọ̀ọ̀dá fohùn ṣọ̀kan lórí èyí. A ti fi àdéhùn sí i pé bó bá di oṣù Kejìlá, a ó gbé e kọ́rùn níbi ìdánrawò láti àárọ̀ dé alẹ́, pẹ̀lú túnà níwájú wa, ká tó sọ ẹni tó jàre.